Olórin Tí Ó Kọ Orúkọ Ìyá Rẹ̀ Sára Ibojì

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọmọ Òrukàn, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ wà láàyè, ó ń ránṣọ jẹun.

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀ọ́, má tíì fi di ẹ̀pà. Ìtàn náà kò gùn, ó sì lè jẹ́ pé ìwọ náà wà nínú rẹ̀.

Olórin ni ọkùnrin yìí. Orin kọ́ńtìrì ló ń kọ, ìyẹn orin onígìtá tó máa ń sọ nípa ilé, ọ̀nà jíjìn àti àwọn tí a fi sílẹ̀. Ó wá pò ó mọ́ ìlù tí àwọn ọ̀dọ́ ń jó sí. Ohùn rẹ̀ dùn, a kò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ wọ ìdíje orin kíkọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ìyá rẹ̀ ló rán ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ lọ. Bí ó ti ń rán bọ́tìnnì ìkẹyìn mọ́ ọn, ó ní, "Ọkọ mi, Ọlọ́run á ṣíwájú rẹ."

Nígbà tí ó débẹ̀, ó rí i pé àwọn tó kù mọ orin kọ gidi. Ẹ̀rù bà á. Ó ti gbọ́ pé ẹni tó bá ní ìtàn tó ń pani lẹ́kún ni àwọn òǹwòran máa ń dìbò fún. Nítorí náà, nígbà tí olóòtú na gbohùngbohùn sí i pé ta ló ń kọrin fún, ó ní, "Ìyá mi ni. Wọ́n ti kú." Ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ọ ni.

Adájọ́ kan bú sẹ́kún. Àwọn òǹwòran dìde dúró. Ó gba ipò kìíní, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì tí òkú rán sí i lọ́rùn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ọmọ Òrukàn mọ òwe yìí dáadáa. Ohun tó sì ń dún sí i létí nìyẹn nígbàkigbà tí àwọn ènìyàn bá ń pàtẹ́wọ́.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin gbà á wọlé, wọ́n ní kó wá ṣe àwo àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ náà, obìnrin kan tí kì í fi ẹ̀rín ṣòfò, ní kí gbogbo orin inú àwo náà dá lórí ìyá tó kú. Wọ́n sọ ọ́ ní Lẹ́bàá Ibojì Ìyá Mi. Nínú orin tó ṣe kókó jù, gìtá yóò dákẹ́, òun yóò sì fi ẹnu lásán sọ pé, "Ó dìgbóṣe, Màámi."

Kò lè sọ ọ́. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, òógùn á bò ó nínú yàrá tútù tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n á ní kó tún un kọ. Á tún un kọ, á tún há síbẹ̀.

Onígìtá rẹ̀ ń wò ó láti inú gíláàsì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ọmọlẹ́yìn Kristi sì ni. Ó pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọ̀rẹ́, kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Ọ̀fun ló ń yún mi."

"Ọ̀fun kọ́. Ẹ̀rù ni mo rí lójú ẹ. Ohun yòówù kó jẹ́, gbé e tọ Jésù lọ. Kò sẹ́lòmíì tó lè gbà á lórí ẹ."

"O tún ti dé. Gìtá ni wọ́n gbà ẹ́ fún o, wọn ò gbà ẹ́ fún ìwàásù."

Onígìtá rẹ́rìn-ín, ó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò fi í sílẹ̀. Ó ti pa orúkọ ìyá rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú fóònù, síbẹ̀ ó mọ nọ́ńbà náà lórí. Tó bá ń dún, á máa wò ó títí yóò fi dákẹ́. Nígbà tó yá, kò dún mọ́. Ojú tì í láti sọ pé ara tù ú.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀gá ní òun fẹ́ fọ́tò tí wọ́n máa fi síwájú àwo náà. "A ó yà ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì màmá ẹ. Ṣé òkúta wà níbẹ̀?"

"Kò sí, mà. Koríko ti bo ibẹ̀."

"A máa gbẹ́ ọ̀kan. Kí lorúkọ wọn?"

Ó wá orúkọ irọ́ kan lọ, wá a bọ̀, kò rí. Ẹni tí irọ́ ń dùn lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, irọ́ tán lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Orúkọ ìyá rẹ̀ gan-an ló bọ́ jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò náà, ó mú wọn lọ sí itẹ́ òkú kan, ó sì nàka sí ibojì àjèjì kan tó ti jìn wọlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé òkúta náà dúró síbẹ̀. Ó wò ó. Orúkọ ìyá rẹ̀ nìyẹn, wọ́n gbẹ́ ẹ jinlẹ̀ débi pé ìka lè wọ inú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, èérún òkúta ṣì wà níbẹ̀.

"Gbé ọwọ́ lé e," ni ayàwòrán wí.

Ó gbé ọwọ́ lé e. Oòrùn mú ganrínganrín, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wú, jìnnìjìnnì bò ó. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì tẹ nọ́ńbà tó mọ̀ lórí yẹn. Kò lọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní nọ́ńbà náà kò sí mọ́.

Ẹyin lohùn. Èyí tó ti ẹnu rẹ̀ bọ́ ti balẹ̀.

Onígìtá, tó gbé gìtá wá fún fọ́tò náà, bá a níbi tó lóṣòó sí. "Mo ti pa wọ́n," ni Ọmọ Òrukàn wí.

"Ta lo pa?"

"Màmá mi. Wọn ò tíì kú nígbà tí mo sọ pé wọ́n kú."

Onígìtá kò bú u. "Dìde, wọ mọ́tò," ni gbogbo ohun tí ó sọ.

Nínú mọ́tò, eyín Ọmọ Òrukàn ń gbá ara wọn. "Sọ fún mi pé wọ́n wà láàyè."

"Mi ò mọ̀. Mi ò ní bá ẹ pa irọ́ mìíràn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Jésù kú nítorí irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an, ó sì jíǹde. Jẹ́wọ́ fún un."

"Tí mo bá jẹ́wọ́, mo gbé."

"Ọ̀rẹ́, o ti gbé tipẹ́."

Àdúgbò tí wọ́n dé kò mọ̀ pé ọmọ ìyá aránṣọ ni Ọmọ Òrukàn, nítorí pé ẹ̀yìn ìgbà tó kúrò nílé ni ìyá rẹ̀ kó lọ síbẹ̀. Ojú fèrèsé ni ìyá náà máa ń jókòó sí ránṣọ, kí ó lè máa kí àwọn tó ń kọjá. Wọ́n ti ti fèrèsé náà. Kò sí ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì ọ̀nà ní, "Ìyá aránṣọ lẹ ń wá? A ò rí wọn níta mọ́, ó ti pẹ́."

Ó kan ilẹ̀kùn. Kẹ́kẹ́ pa. Ó fẹ́ pe, "Màámi," ṣùgbọ́n ohùn tó gba ipò kìíní kò jáde.

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ lójú onígbàjámọ̀. "Jésù, irọ́ ni mo pa. Ipò ni mo fi màmá mi rà. Bí wọ́n bá wà, bí wọn ò sì sí mọ́, ṣàánú mi. Má jẹ́ kí n ṣègbé." Àdúrà tó gbà nìyẹn. Kò dún bí orin rárá.

Nígbà náà ni kọ́kọ́rọ́ yí.

Ìyá rẹ̀ ló yọjú, ó ti rù, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Kò kígbe. Ó kọ́kọ́ wo ọ̀nà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. "Ṣé kò sẹ́ni tó rí ẹ?" Ó fà á wọlé kíá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó tẹ́ àkísà sábẹ́ rẹ̀ kó má baà dún. Lára ògiri, ibi tí fọ́tò ọmọ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ funfun ju ìyókù lọ.

"Àwọn oníbàárà ń nàka sí fọ́tò ẹ, wọ́n ń bi mí pé ṣé Ọmọ Òrukàn kọ́ nìyẹn," ni ìyá náà wí. "Mo ní ojú ló jọra. Òkú kì í jókòó sójú fèrèsé, àbí? Nọ́ńbà yẹn náà, mo pa á tì. Mo ní kí wọ́n má lọ rí i pé màmá ẹ ń pè ẹ́, kí wọ́n má gba ipò ẹ. Èmi náà bá ẹ purọ́, mo sì ti ń bẹ Ọlọ́run."

Ọmọ rẹ̀ wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Màámi, mo ti kọ orúkọ yín sára ibojì."

Ìyá náà gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ẹ̀rù ti bà mí láti ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe nítorí ara mi. Èmi mọ ibi tí mò ń lọ tí mo bá kú. Ìwọ ni mi ò mọ ibi tí ò ń lọ. Èmi kọ́ ni mo kú, ọkọ mi. Ìwọ ni. Gbogbo bí mo ṣe tilẹ̀kùn yìí, ọ̀fọ̀ ẹ ni mò ń ṣe níwájú Ọlọ́run."

Ó sunkún, ìyá rẹ̀ sunkún. Nígbà tí ọmọ náà dìde, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ṣí fèrèsé, ó sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ padà sójú rẹ̀.

Ó lọ bá ọ̀gá, ó sọ òtítọ́. Ẹ̀rù ṣì bà á lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sá. Àwo náà kò jáde. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó sunkún fún un sì bú u níta gbangba. Òun àti onígìtá lọ hú òkúta náà kúrò lórí ibojì àjèjì. Ó ń kọrin títí di òní, ìyá rẹ̀ sì máa ń jókòó níwájú.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? O lè ní ìwọ kò fi ẹnu pa ìyá rẹ. Ó dára. Ṣùgbọ́n Ẹnì kan wà tó dá ọ, tó ń pè ọ́, tí ò ń wo ìpè rẹ̀ títí yóò fi dákẹ́. Ò ń gbé ayé rẹ bí ẹni pé kò sí. Orin wo lo ń kọ nínú èyí?

Òkúta kan ń bọ̀ tí wọn yóò kọ orúkọ tìrẹ sí, ìyẹn kò sì ní jẹ́ irọ́. Má jẹ́ kó bá ọ nínú ẹ̀ṣẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà ọ́, ẹ̀rù ń ba èmi náà fún ọ.

Níbi tí o wà yìí, kúnlẹ̀. Jẹ́wọ́ irọ́ náà, pè é ní orúkọ tó ń jẹ́. Kan ilẹ̀kùn náà lónìí, má tíì lọ sùn. Jésù wà nílé, kò sì kú.