Ohùn Tó Ń Darí Màmá Erminia

Ornella Tettamanti ka àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹnì kan dín. Ó tún wọn kà, ẹnì kan ṣì dín. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò kà mọ́, ó kàn ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló dín.

Orí òkè Brunate ni wọ́n wà, níbi tí àwọn àlejò máa ń dúró sí láti wo adágún Como nísàlẹ̀. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Cremona ni wọ́n ti wá. Wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń jẹ bisikíìtì, wọ́n ń ráhùn orúnkún. Iṣẹ́ amọ̀nà ni Ornella ń ṣe. Á mú irú wọn yí ìlú ká láàárọ̀, á sì kó wọn gun òkè kí oòrùn tó kàn tàrí. Lọ́jọ́ yìí, ó mú ìyá rẹ̀ dání. Màmá Erminia ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, kò sì tíì gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ rí. "Ìlú tí mo bí ọ sí ni o fẹ́ wá fi hàn mí?" ló fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́ láti ìdájí, síbẹ̀ bàtà tuntun ló wọ̀ jáde.

"Màmá, ẹ nawọ́ sókè," ni Ornella sọ sínú gbohùngbohùn kékeré tó so kọ́rùn. Gbogbo àwọn àgbà náà ló ní ẹ̀rọ pélébé létí tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ó má baà máa pariwo káàkiri ìlú. Wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Bàbá Attilio nìkan ló ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tó ń fi ìka tẹ ẹ̀rọ tirẹ̀ bí ẹni ń wá eégbọn lára ajá.

"Amọ̀nà, ìgbà wo lo di ọkùnrin?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ni mò ń wá."

"Mo ní ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ létí mi! Mo ṣèèṣì tẹ nǹkan kan ni. Ó ń bẹ ìyá kan pé kó má sunkún."

Ornella já ẹ̀rọ náà gbà, ó kì í bọ etí. Ìkànnì tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan ń jáde jẹ́jẹ́, bí ohùn dókítà lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn.

"Ẹ máa rìn bọ̀, Màmá. Ẹ má sún mọ́ mi, ẹ má sì bojú wẹ̀yìn. Obìnrin tí ọmọ yín jẹ́ kó já sílẹ̀ láti orí òkè yẹn ti kú. Wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Ornella. Bí ẹ bá bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, bí ẹ bá yọ ẹ̀rọ yẹn létí, mi ò ní lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi náà bímọ."

Ornella tú àpò rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Gbohùngbohùn kejì, èyí tó máa ń mú dání bóyá àkọ́kọ́ lè kú, ti fò lọ. Ta ló bá a gbé àpò yìí láàárọ̀? Fulvio ni, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun tó dara pọ̀ mọ́ wọn létí adágún, tó ní Pavia lòun ti wá, tó ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ọmọlúàbí ọkùnrin! Òun ló bá Màmá Erminia tún ẹ̀rọ etí rẹ̀ ṣe. Òun ló jókòó tì í bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lókè. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó ní inú ń run òun, òun ń lọ wá kọfí gbígbóná mu, àánú rẹ̀ sì ṣe Ornella. Rárá o, kò lè jẹ́ Fulvio. Ohùn Fulvio há, èyí sì nípọn.

"Bàbá Attilio, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò níbí."

"Ta ló fẹ́ kúrò? Ṣé pẹ̀lú irú orúnkún wo?"

Ó sáré gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn náà di ariwo ṣàà bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà ibùdókọ̀. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Bó ṣe ń mọ́ sí i ni àyà Ornella ń já sí i, nítorí ó mọ̀ pé òun ń sún mọ́ ẹni tó mú ìyá òun lọ. Ó pe fóònù ìyá rẹ̀. Wọ́n ti pa fóònù náà. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn nípa ọkàn ìyá yìí. Wọ́n ní ìròyìn òjijì kan ṣoṣo lè gbé e lọ. Ìròyìn wo ló tún wá ju èyí tí wọ́n ń dà sí i létí yìí lọ?

Agogo kan dún gbanran nínú ẹ̀rọ náà. Agogo ọkọ̀ irin tó máa ń gùn, tó máa ń sọ̀ lórí òkè yìí ni. Ornella ki eré mọ́lẹ̀.

Bó ṣe dé ibùdókọ̀ ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà pa dé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lójú fèrèsé. Ojú rẹ̀ ti rọ, ó di àpò rẹ̀ mọ́ àyà, ọ̀ọ́kán gan-an ló ń wò. Ornella lu gíláàsì, ó kígbe "Màmá!" títí ohùn rẹ̀ fi há, ìyá náà kò yíjú. Wọ́n ti ní kó má wẹ̀yìn. Ní òpin ọkọ̀ náà lọ́hùn-ún, ọkùnrin kan kọ̀yìn sí àwọn èrò yòókù, ó kọjú sí fèrèsé, ó gbé kọ́là aṣọ rẹ̀ sókè dé ẹnu.

"Ẹ̀ ń ṣe dáadáa, Màmá," ni ohùn náà wí nínú etí Ornella, irùngbọ̀n funfun yẹn sì ń mì bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde.

Fulvio ni. Ó ti yí ohùn rẹ̀ padà.

"Tarcisio, dá ọkọ̀ yẹn dúró!"

Tarcisio tó ń ṣọ́ ibùdókọ̀ yọrí jáde. "Kí ló dé, Ornella? Ta ló lé ọ?"

"Olè kan mú ìyá mi lọ! Ó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀!"

"Háà! Bí mo bá dá a dúró, àárín igbó ni wọ́n máa há sí, òun àti ìyá rẹ. Ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Ornella ro ó. Ọkùnrin tí wọ́n há mọ́ inú ọkọ̀, àti obìnrin arúgbó tó ti mọ ojú rẹ̀. "Rárá, jẹ́ kó máa lọ. Pe ọlọ́pàá, kí wọ́n dúró dè é nísàlẹ̀."

Tarcisio ti ń tẹ fóònù nígbà tí iná pupa kan tàn lórí tábìlì rẹ̀. Ó wò ó, ó ya ẹnu. "Wọn ò ní dé ìsàlẹ̀ o. Ẹnì kan fẹ́ sọ̀ ní Carescione, láàárín ọ̀nà."

"Yéè! Ilé wa nìyẹn! Rán ọlọ́pàá wá sílé wa!"

Àtẹ̀gùn òkúta àtijọ́ kan wà tó gba àárín ọgbà àwọn ènìyàn sọ̀ kalẹ̀, òun ni Ornella gbà. Ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó, kò tilẹ̀ mọ̀. Ariwo ṣàà nìkan ló wà létí rẹ̀ báyìí. Ó ń gbàdúrà pé kí òun tún gbọ́ ohùn ọkùnrin burúkú yẹn, ẹ gbọ́ irú àdúrà, nítorí tí ó bá ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan ṣì wà láàyè tó ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ síbẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ọgbà ni ohùn náà ti padà dé, ó mọ́ kedere. Ohùn ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Fulvio ti jókòó kọjú sí i báyìí, ó sì ti gbàgbé láti pa gbohùngbohùn tó wà nínú kọ́là rẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, ọ̀gá. Ẹ̀gbà ọrùn ìyá mi nìyẹn. Yẹtí ìgbéyàwó mi nìyí. Èyí tí Ornella fi ṣe ìrìbọmi rèé, ó kéré, ṣùgbọ́n wúrà gidi ni."

"Kò tó."

"Ẹ gba ilé yìí, ẹ gbà á. Ìwé rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọmọ mi sùn sílé lálẹ́ òní."

Ornella ki ọwọ́ bọ ẹnu, ó gé e jẹ kí ó má baà ké. Kò mọ̀ pé ènìyàn lè fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ, bí ẹni ń gbọ́ ohun tí kò yẹ kó gbọ́, ó sì ń bà á lọ́kàn jẹ́.

"Òrùka tó wà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?"

"Kò lè bọ́ mọ́, ọ̀gá. Ìka ti wú bá a."

"Á bọ́. Níbo lo ń fi ọ̀bẹ sí?"

Láti àárọ̀, "ẹ" ni Fulvio fi ń bá ìyá yìí sọ̀rọ̀: ẹ rọra, Màmá, ẹ jókòó, Màmá. Ó ti wá di "o." Ẹni tó bá ti lè wo ojú ìyá àgbà kó máa pè é ní "ìwọ," kò sí ohun tó kù tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe. Ornella rá pálá dé abẹ́ fèrèsé ìdáná. Ó yọjú díẹ̀. Fulvio ń tú dúrọ́ọ̀, kò fi nǹkan kan sétí. Ṣùgbọ́n okùn dúdú ẹ̀rọ náà ṣì ń rọ̀ létí ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò yọ ọ́, nítorí wọ́n ní bí òun bá yọ ọ́, ọmọ òun gbé.

Ornella yí gbohùngbohùn tirẹ̀ sí ìkànnì wọn. Èdè ìdílé ló fi sọ̀rọ̀, èyí tí àwọn ará òkè ń sọ nídìí ààrò, tí àlejò kì í gbọ́ já.

"Màmá, èmi ni. Ẹ má wo fèrèsé. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kú, ẹnikẹ́ni ò mú mi. Olè ni."

Ìyá rẹ̀ kò mira. Ṣé ó gbọ́? Ṣé ó gbà á gbọ́? Láti àárọ̀ ni ohùn ti ń purọ́ fún un létí, kí ló máa fi mọ̀ pé èyí kì í ṣe irọ́?

"Èmi tí mo tọ̀ sórí bàtà bíṣọ́ọ̀bù ló ń bá yín sọ̀rọ̀."

Èjìká Màmá Erminia gbé sókè, ó sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ ní èyí tó kù wà ní àjà ilẹ̀."

Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mo pa irọ́ kan. Wúrà ọkọ mi wà lẹ́yìn àgbá wáìnì ní àjà ilẹ̀."

Fulvio yíjú sí i, ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "O ń tàn mí."

"Ta ni mí tí mo máa tan ọlọ́pàá?"

"Dìde. Ìwọ lo máa ṣíwájú."

Ornella kò rò ó dé ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn àjà ilẹ̀, ló bá di àyà mú, ó sì jókòó sílẹ̀ gbì. "Àyà mi... omi... ẹ jọ̀ọ́..." Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ornella kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí ẹ̀tàn, ó sì kù díẹ̀ kó fọ́ fèrèsé wọlé.

"Kú síbẹ̀," ni Fulvio wí. Ó tan iná fóònù, ó fo ẹsẹ̀ ìyá náà kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀.

Kí Ornella tó gun fèrèsé wọlé, arúgbó tó di àyà mú lẹ́ẹ̀kan ti fò dìde, ó ti pa ilẹ̀kùn igi oákù náà dé gbàgà, ó sì ti gbé ọ̀pá irin dábùú rẹ̀. Àwọn méjèèjì fi ẹ̀yìn tì í. Ilẹ̀kùn náà ń mì.

"Ṣí i! Ìyá burúkú, ṣí i! Mo máa pa ọ́!"

Ó fi ẹsẹ̀ gbá a. Ó fi èjìká gbún un. Ó fi ọ̀bẹ gún un, wọ́n sì ń gbọ́ bí igi ṣe ń ya. Ornella rò pé ọ̀pá náà yóò tẹ̀. Nígbà tó ṣe, ariwo ọkọ̀ ọlọ́pàá gba ojú ọ̀nà òkè kan, ohùn abẹ́ ilẹ̀ náà sì yí padà.

"Màmá... Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣí i kí wọ́n tó dé. Ẹ ṣàánú mi, Màmá."

"Ẹ ò rí i," ni Màmá Erminia wí sí ilẹ̀kùn. "Ó ti rántí pé mo dàgbà jù ú lọ."

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó wá, Gherardi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí wọ́n mú ọkùnrin náà jókòó sídìí tábìlì ìdáná, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ gidi lọ́wọ́.

"Orúkọ rẹ?"

"Fulvio."

"Mo ní orúkọ rẹ."

"...Loris Cavagnin."

"Ìyàwó rẹ tó kú ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ó wà nílé, ní Novara."

"Àwọn mélòó lo ti ṣe báyìí?"

Ó ka àwọn ìyá àgbà mẹ́ta, lẹ́bàá adágún mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn kò tíì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ títí di òní, ojú ń tì í.

"Báwo lo ṣe mọ ohun tí o máa sọ fún ìyá yìí tí á fi tẹ̀ lé ọ?"

"Mo bi í léèrè nínú ọkọ̀," ni Loris wí. "Mo ní, Màmá, kí ló ń bà yín lẹ́rù jù láyé yìí? Ó sọ fún mi."

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá kó wúrà náà jọ sórí aṣọ ìnujú, ó sì dá a padà síwájú ìyá náà. Wọ́n mú Loris jáde. Lórí òkè, Tarcisio ti lọ sọ fún àwọn ará Cremona pé wọ́n ti rí Màmá, wọ́n sì ní Bàbá Attilio sunkún ju gbogbo wọn lọ.

Màmá Erminia kò fọwọ́ kan wúrà náà. Apá aṣọ Ornella ló dì mú.

"Màmá," ni Ornella wí, "ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi àlùfáà pàápàá léèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Báwo lẹ ṣe gba irú ọkùnrin yẹn gbọ́?"

"Bó bá ní èmi ni wọ́n fẹ́ mú lọ sẹ́wọ̀n, bàtà tuntun yìí ni ǹ bá fi gbá a létí," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Orúkọ rẹ ló dá, Ornella. Nígbà tó dá orúkọ rẹ, mi ò ní làákàyè kankan mọ́."

Ìgbà náà ni ẹkún tó ti ń gbé Ornella láti orí òkè wá tú jáde, ìyá rẹ̀ sì fà á mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ pa á lórí.