Ẹyẹ Inú Ilé Kòkó

Wọ́n bá òkú Sàídì lẹ́bàá ọ̀nà Alajue ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó nà gbalaja bí ẹni tí oorun gbé lọ. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ọkọ̀ kò gbá a, ejò kò bù ú jẹ. Ètè rẹ̀ pọ́n bí ètè ẹni tó jẹ obì, ihò imú rẹ̀ dúdú, lẹ́búlẹ́bú pákó sì kún irun orí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ru àpò sìmẹ́ǹtì méjì pọ̀ níjẹta! Labeebah ìyàwó rẹ̀ gbé oyún oṣù méje wá síbẹ̀, ó jókòó sínú iyanrìn, kò rí ẹkún sun.

Àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà Sekona ló kọ́kọ́ sọ ọ́, wọn ò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹyẹ ti gbé e."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n a fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí jù lọ́dọ̀ tiwa. Bí iṣu bá rà, àjẹ́ ni. Bí ọ̀kadà bá kọ̀ tí kò ṣíná, àjẹ́ ni, ẹni tí kò ra epo sí i kò lẹ́bi. Kí wọ́n tó gbé òkú nílẹ̀, orúkọ kan ti wà lẹ́nu gbogbo ayé: Àkànkẹ́, ìyá Níkẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òun? Ọ́fíìsì Wẹ́fíà ní Ẹdẹ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni Níkẹ́ àti Ọdẹ́wálé fi gbé pọ̀. Wọ́n jọ ń sin awó ní Sekona, ẹyẹ onítótòòtó tí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí aládùúgbò sùn. Ìgbà tí ẹyẹ kún àgọ́ mẹ́ta tán, tí owó wá dé, Ọdẹ́wálé rí ọmọge mìíràn, ó lé Níkẹ́ jáde tòun ti Ayọ̀olúwa, ọmọbìnrin wọn ọlọ́dún márùn-ún. Láti ọjọ́ náà, kóńgò gaàrí kan kò ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Bí ọmọ bá lọ sílé ìwé lónìí, wọ́n á lé e wálé lọ́la. Ni Níkẹ́ bá gba Wẹ́fíà lọ.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, ọ̀gá?" Ìyáàfin Mojọlá, òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà, ló bi Ọdẹ́wálé bẹ́ẹ̀.

"Mi ò níṣẹ́, mà. Mi ò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Àgọ́ ẹyẹ mẹ́ta ńkọ́?" Níkẹ́ figbe ta.

"Wọ́n ti kú tán."

"Kò burú," Ìyáàfin Mojọlá wí. "A máa wá fojú ara wa rí i."

Wọ́n sì lọ. Àgọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣófo, ìyẹ́ lásán ló kù nílẹ̀. Ọdẹ́wálé ń nu ojú tí kò sí omi níbẹ̀, ó wá na ìka sí Àkànkẹ́ tó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wá. "Ìyá yìí ló pa wọ́n! Òru ọjọ́ kan ṣoṣo! Àjẹ́ ni!"

Àkànkẹ́ kì í ṣe ẹni tí í gbé ọ̀rọ̀ mì. "Ọmọ rẹ ò rí jẹ, èmi lò ń pè ní àjẹ́? Owó ọmọ yìí tó o jẹ, ìwọ àti ẹni yòówù tó bá bá ọ jẹ ẹ́, kò ní dà nínú yín!"

Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Ta ló sì ń bá Ọdẹ́wálé ṣiṣẹ́, tó ń jẹ lára owó rẹ̀? Sàídì ni. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn náà, Sàídì kú.

Wọ́n sin ín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Nínú gbogbo ẹni tó sunkún, ti Ọdẹ́wálé ló pariwo jù. Ó fa Mansur, ẹ̀gbọ́n Sàídì tó ń gun ọ̀kadà, sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ó ní. "Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ? Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n pa àbúrò mi, ilẹ̀ òní ò ní ṣú."

Àkànkẹ́ ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí òkúta àkọ́kọ́ bà á lágbárí. Kó tó gbójú sókè, wọ́n ti kún àgbàlá pẹ̀lú kùmọ̀ àti àdá. Mansur ló ṣíwájú. Mansur yìí kan náà tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí i, tó ń pè é ní Ìyá wa, "ìwọ" ló ń pè é báyìí.

"Ìwọ àjẹ́ yìí, jẹ́wọ́!" Ó fi ṣéènì ọ̀kadà nà án léjìká, ẹran ara sì là. Ó tún nà án lójú. Ìyá arúgbó ṣubú lórí ẹ̀gẹ́ tó ń bó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì bo ẹ̀gẹ́ náà.

Níkẹ́ ti Ayọ̀olúwa sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sáré jáde. Ó bu ọkùnrin kan jẹ lápá títí eyín fi wọlé. Wọ́n gbá a mọ́lẹ̀, ẹnìkan fi orúnkún tẹ ọrùn rẹ̀. Ó ń wo bí wọ́n ṣe ń pa ìyá rẹ̀, kò lè ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù bà á débi pé ó tọ̀ sára.

"Níbo lẹ ti ṣèpàdé tẹ́ ẹ fi jẹ àbúrò mi?"

Àkànkẹ́ tu eyín kan dànù. "Èmi ò bá ẹnikẹ́ni ṣèpàdé."

"Irọ́ ló ń pa!" obìnrin kan kígbe. "Ilé kòkó àtijọ́ ni! Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹyẹ wọn ti ń ké níbẹ̀ lóru. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ!"

Òótọ́ ló gbọ́ ọ. Ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí láyé àtijọ́ wà lẹ́yìn oko, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Láti ìgbà tí ariwo ẹyẹ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ti ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sóko.

Níkẹ́ gbé orí sókè nínú erùpẹ̀. "Báwo ni wọ́n ṣe ń ké?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Mo ní báwo ni wọ́n ṣe ń ké!"

"Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò tíì fi epo sí," obìnrin náà wí.

Ọdún mẹ́fà ni igbe yẹn fi jí Níkẹ́ lójú oorun. "Awó nìyẹn! Ẹ gbà mí o, awó Ọdẹ́wálé nìyẹn! Ẹ mú mi lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ ò bá awó, ẹ pa èmi náà!"

"Ẹ má dá a lóhùn!" Ọdẹ́wálé fọhùn látẹ̀yìn èrò. "Ẹni tó bá débẹ̀, kíkú ni yóò kú!"

Ibẹ̀ ni Labeebah ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó jókòó sílé ṣe opó, kò gbà. Kò sọ òkúta kankan, ó kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di ikùn mú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ní ẹyẹ yín ti kú láti ọ̀sẹ̀ méjì. Iṣẹ́ wo ni ọkọ mi ń wá ṣe fún yín lálaalẹ́?"

Gbogbo ojú yí padà sí Ọdẹ́wálé.

"Ó... ó ń bá mi ṣọ́ àgọ́ ni."

"Àgọ́ òfìfo?"

Mansur wo Ọdẹ́wálé, ó wo ìyá tó wà nílẹ̀. "Ẹ gbé gbogbo wọn," ó ní. "Ilé kòkó là ń lọ."

Wọ́n wọ́ Àkànkẹ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n ti fi pákó kan fèrèsé ilé náà pa, wọ́n tún fi ọ̀rá dí àlàfo rẹ̀ láti inú. Mansur fi àáké fọ́ àgádágodo. Bí ìlẹ̀kùn ṣe ṣí ni òórùn ìgbẹ́ ẹyẹ àti èédú kọlù wọ́n, awó bá fariwo ta. Awó lọ súà! Lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ní igun kan, òkú àwọn ọmọ awó ṣùrù bo ìkòkò èédú mẹ́rin tí iná inú wọn ti di eérú. Ẹní wà nílẹ̀, bàtà Sàídì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú kúlà oúnjẹ tí Labeebah dì fún un lálẹ́ àná. Labeebah ṣí i. Ọkọ rẹ̀ kò tíì fọwọ́ kàn án.

Ìgbà yẹn ni ẹkún tó wá.

"Èéfín èédú ló pa á," Níkẹ́ wí. "Ọmọ awó ń fẹ́ ooru, èédú la máa ń dá fún wọn. Ṣùgbọ́n a kì í ti fèrèsé! Ọdún tí a bẹ̀rẹ̀, mo tì í nítorí òtútù, mo sì dákú síbẹ̀. Ọdẹ́wálé mọ̀. Òun gan-an ló gbé mi jáde."

Wọ́n bojú wẹ̀yìn, Ọdẹ́wálé ti ń sá. Ebè ẹ̀gẹ́ ló gbé e ṣubú. Wọ́n fi kùmọ̀ fọ́ ọ lórúnkún, wọ́n wọ́ ọ padà.

"Mi ò pa á!" ó ń ké. "Ìdájí ni mo dé, ó ti tutù. Mo kàn gbé e lọ sẹ́bàá ọ̀nà ni."

"Nítorí kí ni?" Labeebah bi í.

"Bí ọlọ́pàá bá débí, wọ́n á rí ẹyẹ. Wẹ́fíà náà á gbọ́."

Olúwa mi o! Nítorí kó má bàa bọ́ ọmọ ara rẹ̀, ó ju ọmọ ọlọ́mọ sẹ́bàá ọ̀nà bí ajá.

Mansur bú ramúramù. Ṣéènì tó fi na Àkànkẹ́ ló fi ń na Ọdẹ́wálé báyìí, lórí, lẹ́nu, níhà. Ẹnìkan yí táyà wá. Ẹlòmíràn fa epo láti inú ọ̀kadà, ó dà á sí i lára. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti wọ ilé kòkó, wọ́n ń lọ́ awó lọ́rùn, wọ́n ń jù wọ́n síta.

"Ẹ fi ẹyẹ yẹn sílẹ̀!" Níkẹ́ ń pariwo. "Oúnjẹ ọmọ mi ni!"

Àkànkẹ́ jókòó nílẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti dí. Ó wo Ọdẹ́wálé dáadáa. "Ẹ sun ún," ó ní. "Níkẹ́, kúrò lọ́nà, jẹ́ kí wọ́n sun ún."

Mansur fi ọwọ́ òsì mú ìṣáná jáde, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì ń na ṣéènì. Níkẹ́ bá ju ara rẹ̀ lé Ọdẹ́wálé lórí nínú epo. Ṣéènì tó ń bọ̀ wá bá ọkùnrin náà já lé ẹ̀yìn rẹ̀, aṣọ ya, awọ ya. Kò dìde.

"Dìde!" Mansur wí. "O ṣì fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

"Fẹ́ràn kí ni? Mo kórìíra rẹ̀ dé inú egungun! Ẹ ò wo ìyá mi ni?" Ó ń sunkún, ó ń bínú. "Ṣùgbọ́n òkú kì í bọ́ ọmọ, Mansur. Labeebah, o máa bímọ lóṣù méjì sí i. Ta ni yóò bọ́ ọ? Ọkùnrin tó sọ ọ́ di opó nìyí. Bó bá jóná, ó ti bọ́ nìyẹn! Kò ní ṣe nǹkan kan fún wa mọ́, láéláé. Ṣebí ohun tó ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn?"

Labeebah gbé ikùn rẹ̀ wá, ó gba ìṣáná lọ́wọ́ Mansur, ó fi sí àyà aṣọ rẹ̀. Mansur jókòó sílẹ̀, ó gbé ojú pamọ́ fún Àkànkẹ́.

Níkẹ́ tú gèlè orí rẹ̀. Ó fi de ọwọ́ Ọdẹ́wálé méjèèjì sẹ́yìn, ó so ó le, ó sì ní kí ẹnìkan pe ọlọ́pàá. Epo àti ẹ̀jẹ̀ ń kán ní àgbọ̀n ọkùnrin náà.

"Níkẹ́, o ṣé," ó ń sọ. "O ṣé o. Ọlọ́run á san án fún ẹ."

"Rárá," Níkẹ́ wí. "Ìwọ lo máa san án."