Ìgò Ẹ̀jẹ̀ Mẹ́rìnlélógún

"Eṣinṣin kò lè wọ ibí kí n má mọ orúkọ bàbá rẹ̀."

Bí Ọláṣùpọ̀ ṣe fọ́nnu láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ kan ní Yábàá. Ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Òun ni olórí ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Kò tíì pa ẹnu dé tí Dókítà Débọ̀, ọ̀gá ilé náà, fi yọ, tó fẹnu sí i létí.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti jí ẹ̀jẹ̀ wa. Ìgò mẹ́rìnlélógún nínú ẹgbẹ̀ta. Ìwé orúkọ ní ti àwọn ìyá Muṣin ni gbogbo ẹ̀. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Ọjọ́bọ̀ ni à ń kó wọn lọ òkè òkun. Bí ẹ ò bá rí i, iṣẹ́ yín lọ nìyẹn."

Ilẹ̀kùn kò já. Kọ́kọ́rọ́ kò sọnù. Ọláṣùpọ̀ ṣí fìrísà. Ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún ni olè yọ, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìgò, kò sí orúkọ.

Ó rí ìwé ìfọwọ́sí kan lábẹ́ fìrísà. Arúgbó kan ti fi tàdáwà búlúù tẹ̀ka sí i. Ọláṣùpọ̀ wo ìlà ìsàlẹ̀. Ó ká ìwé náà kíá, ó tì í bọ àpò. Etí rẹ̀ gbóná nínú yàrá tó tutù bíi yìnyín.

Ó pe Munirah tó ń gbálẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ sọnù nínú fìrísà."

"Ọ̀gá, èyí tó wà lára mi gan-an ò tó mi."

"Ṣé o máa ń ṣí ìwé orúkọ wò?"

"Mi ò mọ̀wé. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ó yíjú sí Débọ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Dókítà?"

"Bí mo bá fẹ́ jí i tà, ṣé n ó máa ṣà á ni? Gbogbo ẹ̀ ni n ó kó."

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó wá kan Motọ́lání, ọmọge tó ń tọ́jú ìgò àti ìwé orúkọ.

"Ẹ̀jẹ̀ sọnù."

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ti àwọn ìyá mẹ́rìnlélógún yẹn ká mi lára."

Ọláṣùpọ̀ rọra jókòó. "Ta ló sọ iye wọn fún ọ? Ta ló ní ìyá ni wọ́n?"

Motọ́lání pa ìwé orúkọ dé.

"Yàtọ̀ sí Dókítà, ìwọ nìkan lo lè fi nọ́ńbà mọ ènìyàn. Ẹni tó sì ń ṣà á, kì í ṣe ọjà ló ń gbé e lọ."

"Èmi ni," ó ní. "Kúlà oúnjẹ mi ni mo fi gbé e jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. Ẹ ní kí n gbádùn oúnjẹ mi. Mo da bílíìṣì sí i, mo dà á nù."

"Kí ló dé?" Débọ̀ pariwo.

"Ìyá ìyá mi, Màmá Ìdíátù, wà nínú wọn. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà lẹ sọ fún un. Ìwé yín ní kí ẹ tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí láé, kí ẹ fi wádìí àbùdá ìran rẹ̀, kí ẹ fún ẹni tó bá wù yín. Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi kọ ọ́. Àwọn mẹ́rìnlélógún yẹn ò mọ̀wé. Ẹlẹ́rìí kan ló fọwọ́ sí i pé òun kà á sí wọn létí ní Yorùbá." Ó wo Ọláṣùpọ̀. "Mo kó ìwé wọn náà, àmọ́ ọ̀kan já bọ́. Ṣé kì í ṣe òun ló wà lápò yín, Ẹ̀gbọ́n?"

Ọláṣùpọ̀ yọ ọ́. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gba ẹ̀jẹ̀ ní Muṣin, oòrùn mú, ìlà gùn. Ó ti fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ kí àwọn ìyá náà tó dé ìdí tábìlì.

"Èmi gan-an ò kà á," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ju ti yànmùyánmú lọ.

Débọ̀ tẹjú mọ́lẹ̀. Òun ló ní kó yára.

Lọ́sàn-án, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Muṣin. Ọkùnrin méjì dọ̀bálẹ̀, Motọ́lání kúnlẹ̀, wọ́n ro gbogbo rẹ̀ délẹ̀. Màmá Ìdíátù na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó fi báńdéèjì wé sórí àpótí, ó gbọ́ wọn tán.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Èsì àyẹ̀wò ṣúgà mi ńkọ́?"