Pọ́líìṣì Bàtà Lára Ọkọ̀ Dúdú

Ní ìgbà òjò kan, ọkùnrin kan wà tí ó ń mú ara ọkọ̀ dán ní ọgbà ìfọkọ̀ kan lẹ́yìn ilé epo, ní ìkángun ìlú. Jígí ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí pé bí ó bá ti ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ tán, ènìyàn lè wo ara ọkọ̀ náà fá irùngbọ̀n láìfi abẹ ge ara.

Ẹ̀rọ oníná ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà wúwo bí ọmọ tí ó sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, fóòmù róbótó ẹnu rẹ̀ sì ń yí bí òòyì. Ó ti pẹ́ tí gbígbọ̀n rẹ̀ ti wọ inú egungun Jígí. Bí ó bá jókòó láti jẹun, ṣíbí a máa lu àwo. Aya rẹ̀ a ní, "Baálé mi, ẹ pa iná ẹ̀rọ yín, ilé lẹ wà." Òun a rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, àárẹ̀ tí oorun kì í wò sàn.

Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí a máa lẹ téèpù mọ́ etí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, nítorí pé ọ̀dà fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá pẹ́ lórí rẹ̀, a jó o dé ìsàlẹ̀. Jígí kì í lẹ téèpù. "Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ni téèpù," ni ó máa ń wí. "Ọwọ́ mi mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró." Ìgò oògùn ikọ́ kan sì wà nínú àpò rẹ̀, ikọ́ kò ṣe é, kì í sì í ṣe oògùn ni ó wà nínú ìgò náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọkọ̀ dúdú kan wá. Ìyá àgbàlagbà kan ni ó ni ín, nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún. Jígí mu nínú ìgò rẹ̀, ó tan ẹ̀rọ. Oòrùn mú, ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo, ó sì tòògbé lórí ìdúró bí ẹṣin. Òórùn ohun tí ó ń jó ni ó jí i. Ní etí ìlẹ̀kùn awakọ̀, ọ̀dà dúdú ti lọ, ọ̀dà aláwọ̀ eérú ti ìsàlẹ̀ ti yọ síta, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó mú pọ́líìṣì bàtà dúdú láti inú àpótí rẹ̀, ó pò ó mọ́ ìpara ọkọ̀, ó fi bo ojú egbò náà, ó sì nù ún títí ó fi dán. Nígbà tí ìyá náà dé, ó wo ọkọ̀ rẹ̀ yíká, ó súre fún un: "Ọwọ́ rẹ kò ní rọ, ọmọ mi." Ìre náà gún Jígí lára bí ẹ̀gún.

Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́. Ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Òjò rọ̀, ó fọ pọ́líìṣì bàtà dànù, ìyá ọlọ́kọ̀ sì padà wá. Ọ̀gá tí ó ni ọgbà náà, obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, bèèrè ẹni tí ó ṣe é. Jígí dáhùn kí ẹlòmíràn tó la ẹnu.

"Ìdí garawa Bàbá Afọkọ̀ ni yóò ti ha á, Ọ̀gá. Ojú bàbá kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Bàbá Afọkọ̀ ni àgbàlagbà onígbàgbọ́ tí ó ń fọ ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó dé ọwọ́ Jígí. Iṣẹ́ yìí ni ó fi ń tọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó wo Jígí, ó wo ilẹ̀. "Èmi kọ́, Ọ̀gá," ni ó wí. Ọ̀gá ní kí ó máa lọ sílé. Ní òwúrọ̀ Sátidé, lójú ìyá ọlọ́kọ̀ àti gbogbo òṣìṣẹ́, òun yóò dárúkọ rẹ̀, òun yóò sì lé e.

Láti ìgbà náà ni ọwọ́ Jígí kò ti gba iṣẹ́ mọ́. Bí ó bá gbé ẹ̀rọ, ó dàbí ẹni pé ẹ̀rọ ni ó gbé e. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó jókòó sórí garawa tí a dojú rẹ̀ dé, nígbà tí Bàbá Afọkọ̀ wọlé wá mú bàtà òjò rẹ̀.

"Garawa tí ó ń ha ọkọ̀ ni o jókòó lé," ni bàbá wí. "Ṣé kò ha ọ́ nídìí?"

"Ó rẹ̀ mí ni, bàbá."

"Ẹni tí iṣẹ́ bá rẹ̀, bí ó bá sùn, ara rẹ̀ a balẹ̀. Irọ́ ni o rù, kò sì sí ẹni tí yóò bá ọ sọ̀ ọ́."

Jígí gbójú sókè. "Ẹ mọ̀?"

"Mo gbọ́ òórùn ọ̀dà tí ó ń jó láti ìdí omi. Mo sì rí ọ nídìí àpótí."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Bí mo bá sọ ọ́, ìwọ a sẹ́, a óò sì di oníjà lásán. Ọkàn rẹ ni ó ṣe mí láàánú. Jésù ni mo sọ ọ́ fún."

"Kí ni Ó wá wí?"

"Ó ní kí n lọ mú bàtà mi."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Jígí, ṣùgbọ́n omijé ni ó jáde. Bàbá dẹ ohùn. "Ìwọ tí o ń sọ ara ọkọ̀ di jígí, ìgbà wo ni o wo ara rẹ gbẹ̀yìn? Ìpara ni o fi ń bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo òjò ni o sì ń sá fún. Ọlọ́run kì í fi nǹkan bo ojú egbò. A máa ha á dé ìsàlẹ̀, bí ẹni rere tí ń fi ọ̀dà kun ọkọ̀ ti ń ṣe, a sì sọ ọ́ di ọ̀tun. Nítorí irú èmi àti ìwọ ni Ọmọ Rẹ̀ ṣe kú. Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ ni ó ń wẹni mọ́. Ọṣẹ mi kò dé ibẹ̀."

Jígí kúnlẹ̀ nínú omi ọṣẹ. "Olúwa, èmi ni mo jó ọ̀dà náà. Mo purọ́ mọ́ bàbá. Ọtí ni ó wà nínú ìgò mi. Ṣàánú mi nítorí Jésù." Ó da ohun tí ó kù nínú ìgò náà sí gọ́tà. Ó ṣì rẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó dìde, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ẹni tí ó ti sọ ẹrù ni.

"O ti sọ fún Ọlọ́run, ẹni tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀," ni bàbá wí, ó sì kó bàtà rẹ̀ sábẹ́ apá. "Ó ku àwọn tí kò mọ̀."

Òwúrọ̀ Sátidé dé. Ọkọ̀ dúdú náà wà láàárín ọgbà, egbò eérú rẹ̀ hàn gbangba. Ìyá ọlọ́kọ̀ jókòó, àwọn òṣìṣẹ́ dúró yíká, Bàbá Afọkọ̀ sì dá dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀gá la ẹnu: "Ẹni tí ó ba ọkọ̀ yìí jẹ́—"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dárúkọ." Jígí ti jáde síwájú.

Ìwọ tí o ń ka ìwé kékeré yìí, dúró níhìn-ín. Kí ni o fi pọ́líìṣì bàtà bò? Ta ni ó ń jìyà ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe? Ó ti rẹ̀ ọ́, mo mọ̀. Ẹrù tí o rù kì í ṣe ẹrù tí oorun lè gbé kúrò. Òjò kan ń bọ̀ tí kò sí ìpara tí yóò dúró níwájú rẹ̀, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí a óò dárúkọ olúkúlùkù níwájú ogunlọ́gọ̀ tí ó ju ti ọgbà ìfọkọ̀ lọ. Má ṣe jẹ́ kí a dárúkọ rẹ kí o tó fúnra rẹ dárúkọ ara rẹ. Jésù ń gba ẹni tí ó bá jẹ́wọ́. Jáde síwájú lónìí, bí ọkùnrin yìí ti ṣe.

Jígí gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ojú egbò ọkọ̀ náà, ó sì kọjú sí gbogbo wọn.

"Ọwọ́ Bàbá kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí," ni ó wí. "Èmi, Jígí, ni mo ṣe é."