Ẹ̀rọ Ìgétí Fọ́míkà Tí Jibril Fẹ́ Rà

"Gbé e sílẹ̀, Jibril! Ṣé iṣu lo wá rà ni, tó o fi ń fọwọ́ wọ̀n ọ́n?"

Àtinúkẹ́ ló pariwo bẹ́ẹ̀. Opó ọ̀gá tó kọ́ Jibril ní iṣẹ́ káfíńtà ni. Òun ló ń darí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ báyìí. Gbogbo ẹni tó wà ní ìsọ̀ Ọládipúpọ̀, tó ń ta irinṣẹ́ tòkunbọ̀ ní Ẹdẹ, ló yíjú sí Jibril. Ojú tì í, àmọ́ kò gbé ẹ̀rọ ìgétí fọ́míkà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí káfíńtà ṣe ń fi ìwúwo mọ pákó gidi ni Jibril fi ń mọ ẹ̀rọ. Eléyìí wúwo bí ọmọ ọlọ. Nígbà tí Ọládipúpọ̀ sì tan án, ó ké bí ọkọ̀ agbégẹdú. Kí lèèyàn tún ń wá?

Fọ́míkà mẹ́rin, pẹlẹbẹ líle tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pákó, ló wà nílé rẹ̀ tí wọ́n kó fún un láti fi bo orí tábìlì ilé ìtọ́jú aláìsàn kan ní Awo. Látìgbà tí ìjọba ológun ti dín ọjà òkè òkun kù, bí ọ̀kan bá bàjẹ́, kò mọ ibi tí yóò ti rí irú rẹ̀. Ayùn ọwọ́ sì ń ya etí fọ́míkà pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

"Ìyá Ọ̀gá, ẹ̀rọ tó lágbára ni mo fẹ́."

"Pákó nínípọn ni agbára yẹn wà fún. Etí fọ́míkà ò nípọn ju èékánná lọ. Èyí tí ọwọ́ kan lè gbá mú ni kó o rà. Fi abẹ sí i lẹ́nu, dè é, kó o fà á. Bó bá mì, fi sílẹ̀ fún olówó ẹ̀. Abẹ tó bá fò yọ, ojú èèyàn ló ń wá. Wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ó tẹ́jú. Bó bá jẹ́ ike lò ń gé, má dúró lójú kan, ooru á yọ́ ọ."

Àtinúkẹ́ yí ẹ̀rọ náà padà, ó fìka lé àkọlé ara rẹ̀. "Kà á."

"Fóòtì 110."

"Ti NẸ́PÀ ńkọ́?"

Jibril mọ̀ ọ́n: 240 ni, ó ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ.

Ọládipúpọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí ojú gbogbo wọn ló ṣe ṣiṣẹ́. Àtinúkẹ́ di wáyà ẹ̀rọ náà mú, ó tọ̀ ọ́ lọ sábẹ́ tábìlì, ó sì ká àpò sìmẹ́ǹtì kan kúrò. Àpótí irin kan ń kùn níbẹ̀.

Ọládipúpọ̀ ní sitabiláísà lásán ni, nítorí ìwàkiwà NẸ́PÀ; ẹni tó ta ọjà fún òun l'Ékòó ló fi ta òun lọ́rẹ.

"Transifọ́mà ni," ni Àtinúkẹ́ wí. "Òun ló ń gé iná sí méjì kó tó dénú ẹ̀rọ. Ṣé wàá bá Jibril rù ú dé Awo?" Ó kọjú sí àwọn oníbàárà. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ ka ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, kí ẹni tó ń tà á tì í bọ iná ara ògiri lójú yín."

Ọládipúpọ̀ ní ẹnu kì í gé pákó. Ó fa wáyà yọ lára àpótí, ó ní kí wọ́n wòran dáadáa, ó tì í bọ iná ara ògiri, ó sì tan án.

Èéfín ló dá a lóhùn.