Bẹ́ẹ̀ Ni, Mà

"Folúṣadé, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, mà."

Irọ́ ni. Ara rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga oníke nínú pálọ̀ bàbá rẹ̀ ní Mahuta, ní ìlú Kaduna, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀, ó sì ti pa kámẹ́rà. Ọkàn rẹ̀ wà nínú fóònù tó gbé lé itan, níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń kun ojú tó sì ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kùn ún. Láti àárọ̀ ni ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti dé àtàrí, ẹnì kan sì tún ń sọ ohun tí ẹlòmíràn ti sọ.

"Má lọ jìnnà o. Ó máa tó kàn ọ́," ni Màdáámù Veronica wí láti Abuja. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, epo gbígbóná ń dún ṣàà. Ọ̀gá náà ń dín nǹkan lọ́wọ́.

Folúṣadé ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ń retí àyè ní yunifásítì. Ẹgbẹ́ kan tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àwọn ilé ìwé ló gbà á síṣẹ́. Wọn kò ní ọ́fíìsì ní Kaduna. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, oníkálukú nínú ilé rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò le. Kó lọ bá àwọn tó ń tún pọ́ǹpù ṣe, kó gbọ́ tẹnu wọn, kó wá jíṣẹ́ ní ìpàdé. Ohun tó bá sọ ni àwọn ọ̀gá máa gbà.

Queen ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n kámẹ́rà. Queen ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé ìwé apá Sabon Tasha.

"Kai! Ìwọ ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ ni?" ni Queen bi í lẹ́yìn ìpàdé rẹ̀ àkọ́kọ́. "Orí á fọ́ ẹ. Pa kámẹ́rà, máa ṣe tìẹ. Tí wọ́n bá ti pe orúkọ ẹ, 'bẹ́ẹ̀ ni, mà.' Àgbàlagbà wo ló ń bínú sí 'bẹ́ẹ̀ ni'?"

Kò ṣòro fún Folúṣadé. Inú ilé ló ti kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀, Ọlánípẹ̀kun, kì í pe ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí àgbà bá pè ọ́, dáhùn. Bí àgbà bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọmọ tó bá ní "kí lẹ wí?" ti fa ìbínú. Nítorí náà "bẹ́ẹ̀ ni" ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí èémí, ọkàn rẹ̀ kì í mọ̀ sí i.

Iṣẹ́ kan wà tó yẹ kó jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, Moses, ọmọ Kogi tó ń tún pọ́ǹpù ṣe, ti pè é sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn àdúgbò wọn. Ó ti fi okùn de apá irin tí wọ́n fi ń fa omi lára pọ́ǹpù ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ṣadé, wo ibí. Bóòtì, ìdè irin tó di apá yìí mú, ti dípẹtà. Bí ọmọdé bá tẹ̀ ẹ́, irin yìí lè já kó gbá a. Kí wọ́n má ṣí i títí n ó fi rí tuntun. Sọ fún wọn ní ìpàdé."

"Mo ti gbọ́, Bọ̀dá Moses."

"Ká gbọ́ nìkan kò tó. Sọ ọ́."

Ọmọbìnrin inú fóònù ń kun ètè lọ́wọ́ nígbà tí orúkọ Folúṣadé tún dún. Ó gbọ́ orúkọ náà. Kò gbọ́ ohun tó ṣáájú rẹ̀, kò sì gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ṣeun, ọmọ dáadáa. Ó yá, kí ló kàn?"

Nírọ̀lẹ́, bó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó rántí Moses. Ó rò pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù ni wọ́n bi òun. Ó ní kò burú, Ọjọ́bọ̀ mìíràn ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, igbe ló lé e jáde nílé. Ó bá àwọn ènìyàn sáré dé ilé ìwé. Okùn Moses wà nílẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé e. Apá irin pọ́ǹpù náà ti já, ó sì dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Huda jókòó sí, ọmọ Abdulkareem tó ń lẹ táyà ní igun òpópónà wọn. Huda ló síwájú lórí ìlà. Ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ọrùn ọwọ́ náà sì ti yí sí ibi tí ọwọ́ kì í yí sí. Ìdánwò àtiwọ girama ti kù sí dẹ̀dẹ̀ fún un.

Abdulkareem dé pẹ̀lú eérí táyà lọ́wọ́.

"Ta ló ní kí wọ́n ṣí i?" Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ọgbà. "Mo ní ta ni! Haba! Ẹ̀ ń fi ọmọ ọlọ́mọ dán irin wò?"

"Ẹgbẹ́ tó ni pọ́ǹpù ló pè mí," ni ọ̀gá ilé ìwé dáhùn. "Wọ́n ní ó ti dára, ká ṣí i. Ni mo bá ní kí ẹ̀ṣọ́ gé okùn."

Ìgbà náà ni Moses wọlé. Bóòtì tuntun wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èrò gbá a mú lọ́rùn ẹ̀wù kó tó lè bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Òun ló tún un ṣe! Òun náà nìyí!"

Moses kò jà. Ó ń wá ojú kan láàárín èrò, ó sì rí i.

"Ṣadé. Ṣé o jíṣẹ́?"

Folúṣadé yí padà, ó lọ sílé. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá Moses létí.

Ọlánípẹ̀kun jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìròyìn ti ṣáájú ọmọ rẹ̀ dé ilé.

"Ṣé Moses rán ọ níṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o jẹ́ ẹ?"

"Rárá, sà."

"Kí ni wọ́n bi ọ́ ní ìpàdé?"

"N kò gbọ́, sà."

"Kí lo wá dáhùn?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

"Ní ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó tì í, ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ẹnu ara wa la máa ń wò. Bí ẹnì kan bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, o máa tẹjú mọ́ ọn títí á fi parí. Bí kò bá yé ọ, o máa mi orí, á tún un sọ. Ẹni tó bá fi orí gbà láìgbọ́, ìka rẹ̀ lè bá a lọ. Tàbí ìka ẹlòmíràn." Ó dé fìlà padà. "Mo kọ́ ọ láti dáhùn. Mo rò pé etí ti bá a wá."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì. Folúṣadé gbé fóònù rẹ̀ sí orí àga lọ́hùn-ún. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Orúkọ nìkan ló kún ojú kọ̀ǹpútà, kò sí ojú ẹnì kankan. Ọ̀gbẹ́ni Richard, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe kànga, ló ń sọ̀rọ̀.

"Moses ló fa èyí. Òun ló ní ó ti dára. Ká lé e, ká fi tó ọlọ́pàá létí kí àwọn òbí tó kọjú sí wa. Ṣé ẹ gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni ohùn kan wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni èkejì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ohùn Queen nìyẹn. Bí Queen ti wí i tán ni fóònù tó wà lórí àga tàn. Iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ kò gùn: *Sinmi jẹ́ o. Kò sẹ́ni tó rántí.*

Nǹkan gbóná dìde nínú Folúṣadé. Ó mọ "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn. Tirẹ̀ ni. Irú rẹ̀ ló fọ́ ọwọ́ Huda láàárọ̀, òun náà ni wọ́n tún fẹ́ fi fọ́ Moses nírọ̀lẹ́. Ó tan kámẹ́rà.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, mo fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Jẹ́ kí àwọn àgbà parí ná."

"Rárá, sà."

Kò fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ̀ sí àgbà lẹ́nu rí.

"Moses kò sọ pé ó ti dára. Ó ní kí ẹ má ṣí i. Èmi ló rán sí yín. Màdáámù bi mí ní Ọjọ́bọ̀, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n bi mí, mo ń wo fóònù. Mo dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n, ẹ má bínú, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni báyìí, kí lẹ gbọ́? Ta ló bi Moses léèrè? Moses kò ní kọ̀ǹpútà. Kò sí ní ìpàdé. Òun nìkan ló sọ òótọ́, òun nìkan lẹ fẹ́ lé!"

"Ọmọ yìí, ta lò ń bá wí?" ni Richard pariwo.

"Ara mi ni mo kọ́kọ́ ń bá wí, sà."

Kámẹ́rà kan tàn. Màdáámù Veronica ni. Gèlè rẹ̀ ti yẹ̀, ó dà bí ẹni tó ti sunkún.

"Èmi ni mo bi í bóyá a lè ṣí pọ́ǹpù náà," ó wí. "Mo fẹ́ kí ìpàdé tètè parí. Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, n kò bi í pé kí ló rí. Ẹ jẹ́ kí Moses padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹgbẹ́ ló máa tọ́jú ọwọ́ ọmọ náà. Folúṣadé, ìwọ kò lè bá wa ṣiṣẹ́ mọ́."

"Mo gbọ́ yín, mà," ni Folúṣadé dáhùn. Ó sì gbọ́ ọ.

Wọ́n dá Moses padà. Richard kò bẹ̀ ẹ́. Títí di òní, kò tíì bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Folúṣadé lọ kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà ilé Abdulkareem. Ó sọ ohun gbogbo bó ṣe rí. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ dé òpin. Iṣan ọrùn rẹ̀ le bí okùn.

"Dìde," ó wí. "Ìkúnlẹ̀ kì í to egungun. Dókítà ní wọn kò ní tú ohun tí wọ́n fi di ọwọ́ ọmọ yìí kí ìdánwò tó dé. Ọdún kan ti lọ lára rẹ̀. Ẹnu lásán lo fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹkún rẹ kò sì lè dá a padà." Ó mí kanlẹ̀. "Kò ní pàdánù ọdún kó tún pàdánù ẹ̀kọ́. Lójoojúmọ́, tó bá ti ilé ìwé dé, wàá wá síbí. Òun á máa sọ, ìwọ á máa kọ ọ́ fún un títí ọwọ́ rẹ̀ á fi san."

"Bẹ́ẹ̀..." Folúṣadé dá ẹnu dúró. "Mo gbọ́ yín, sà. Ẹ ní kí n wá lójoojúmọ́, kí n máa kọ ohun tó bá sọ, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi san."

Abdulkareem wò ó díẹ̀.

"To, ó dára. Bọ́ bàtà rẹ. Kí o sì fi fóònù náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Ó bọ́ bàtà, ó fi fóònù sínú ọ̀kan, ó wọlé. Huda wà lórí ẹní, ohun tí dókítà fi di ọwọ́ rẹ̀ funfun, ó le bí òkúta. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ ohun tí tíṣà kọ́ wọn nípa odò àti òjò. Lójijì ó dákẹ́.

"Àǹtí, kí ni mo sọ gbẹ̀yìn?"

Fóònù ń dún lẹ́nu ọ̀nà. Folúṣadé kò wo ibẹ̀. Ojú Huda ló ń wò.

"O ní omi odò ń gbẹ, ó ń lọ sókè, òun ló ń padà di òjò."

"Ó dára," ni Huda wí. "Máa kọ ọ́ lọ."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́. Ìpàdé lè gùn, ó lè sú ni. Ẹni tó bá gbà láti jókòó níbẹ̀, kó jókòó tọkàntara. Bí o kò bá gbọ́, sọ pé o kò gbọ́. Ojú á tì ọ́ díẹ̀, ó tán. "Bẹ́ẹ̀ ni" tí a kò gbọ́ ìdí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀wọ̀. Irọ́ ni, ẹlòmíràn ló sì máa ń jìyà rẹ̀.