Ta Ló Ń Ṣòfófó Tínrín?

"Tínrín, pa gẹ́ẹ̀mù bọ́ọ̀lù yẹn."

Tíṣà ìṣirò kò gbórí sókè rárá. Ó jókòó síwájú kíláàsì, kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ṣí níwájú rẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú bí ẹni tí wọ́n fi gúgúrú san owó oṣù rẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni Tínrín wà. Àfi bí ojú ọkùnrin náà bá ń la pákó kọjá, báwo ló ṣe rí i?

Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí tí tíṣà ká Tínrín mọ́ ìdí gẹ́ẹ̀mù láàárín oṣù kan tí ilé ìwé pín láptọ́ọ̀pù fún wọn láti máa fi kẹ́kọ̀ọ́. Ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, díẹ̀ ló kù kí òkú dìde wá béèrè tirẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń rí ojú kọ̀ǹpútà Tínrín: Kèékèé, tó ń jókòó tì í, tí wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì kò ní eyín iwájú. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá rín in, páànù òrùlé á máa gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n kí agogo ìsinmi ṣáà ti dún, Kèékèé á gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́yà, á yọ́ wọ ọ́fíìsì tíṣà. Lójoojúmọ́!

"Kí lo máa ń wá lọ síbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan."

"Kò sí nǹkan yẹn ló ń gbà ọ́ ní odindi wákàtí?"

Kèékèé wolẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́, Tínrín rojọ́ fún ìyá rẹ̀ tó ń dirun fún oníbàárà. "Màmá, Kèékèé ti di olófòófó."

"O bi í?"

"Ó ní kò sí nǹkan."

"Lọ tún un bi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni."

Etí Tínrín gbọ́, inú rẹ̀ kò gbà.

Lọ́jọ́ kejì, Kèékèé sáré jáde lọ pọnmi mu, ó fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ ní ṣíṣí. Àròkọ olójú ewé méjìlá ló wà níbẹ̀, èyí tó fẹ́ fi díje. Ẹni tó bá mókè, wọ́n á rán an lọ sí yunifásítì. Ọ̀la ni wọ́n máa gbà á kẹ́yìn. Tínrín wòtún, ó wòsì, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Kèékèé dé, ó wá a títí. Ó tilẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà náà sókè wò, àfi bíi pé àròkọ náà já bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

"Tínrín, jọ̀ọ́, bá mi wá a."

Tínrín bá a wá a. Bí ẹni tó jí ẹran tó ń bá ẹlẹ́ran tọpasẹ̀ rẹ̀.

Lọ́sàn-án, tíṣà ní kí Tínrín wá kó ìwé lórí tábìlì òun. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà tíṣà. Àwòrán kéékèèké ogójì ló wà níbẹ̀, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tirẹ̀ náà wà níbẹ̀.

"Sà, kí nìyí?"

"Ojú kọ̀ǹpútà gbogbo yín ni. Ṣebí mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí a pín in? Ariwo yín ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́."

Tínrín sáré bá Kèékèé, ó jẹ́wọ́.



"Wọ́n gé iná ilé wa," Kèékèé ní. "Iná ni mò ń lọ fi sí láptọ́ọ̀pù mi lọ́fíìsì tíṣà. Ojú ń tì mí láti sọ fún ẹ."

Nígbà tí tíṣà gbọ́, ó gba láptọ́ọ̀pù Tínrín fún odindi táàmù kan. Àwọn méjèèjì jókòó sí kíláàsì: Kèékèé ń rántí, Tínrín ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ojú ewé méje ni wọ́n rí tẹ̀ kí àkókò tó pé. Ẹlòmíràn ló mókè.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Tínrín béèrè pé, "Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Tipẹ́tipẹ́," Kèékèé dáhùn. Ṣùgbọ́n bó ti dìde láti lọ pọnmi, ó pa láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dé, ó gbé e dání lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mu ún ní àmujù, òun gan-an ni wọn yóò máa fura sí. Ẹ béèrè, ẹ tún un béèrè, kẹ́ ẹ tó dájọ́.